Àwòrán Bọ̀ọ̀dá Lára Kọ̀ǹpútà Ìyá Mi

Ọjọ́ Àìkú ni ìròyìn náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí yàrá mi ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́ ni. Mo bọ́ bàtà, mo fi fóònù sí iná, nítorí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọn kò múná wá láti ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi sì ti kú láti ìgbà náà. Bó ṣe tàn ni fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Tolúwalọpẹ́ ló fi wọ́n ránṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Oǹdó. Ó fi ohùn rẹ̀ tẹ̀lé wọn.

"Dèmí, kí ló dé tí o ò wá síbi ọgọ́ta ọdún Bọ̀ọ̀dá Kọ́láwọlé? A wá ojú rẹ títí. Bàbá ṣe bẹbẹ o. Kọ̀ǹpútà méje ni wọ́n fún ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́."

Bọ̀ọ̀dá Kọ́láwọlé ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ẹnikẹ́ni kò pè mí síbi ọgọ́ta ọdún kankan.

Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò kan sí i. Wọ́n to àwọn kọ̀ǹpútà náà sórí tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé. Àwòrán Bọ̀ọ̀dá wà lára gbogbo wọn. Síítíkà ńlá kan wà ní ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀rọ, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, kékeré kan sì wà níwájú. Nínú gbogbo rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ "Ẹ̀bùn Ọgọ́ta Ọdún" yí orí rẹ̀ ká. N kò ráyè ẹ̀rín rẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ ni mò ń wò. Àmì pupa róbótó kan wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Kútẹ́ẹ̀sì ìyá mi ni.

Tíṣà ni ìyá mi, Bísọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Bọ́lọ́rundúró ló ti ṣiṣẹ́, níbi tí oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ti yí ilé ìwé ká, títí àìsàn fi dá a dúró. Ojú pátákó ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà. Tíṣà á fi ẹfun ya á, wọ́n á tọ́ka sí i, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì pa á rẹ́ kí wọ́n lè fi ibẹ̀ ṣe ìṣirò. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ìyá mi sùn. Ibi iṣẹ́ tó bá fẹ́ da ẹ̀rọ àtijọ́ nù, á lọ bẹ̀ wọ́n, á gbé e wálé sí Oǹdó, á nù ún, á wá fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kan bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ní kí ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí má bàa máa wá ibi tí yóò tẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì nìkan ni ọ̀ṣọ́ tí ìyá mi ní, ìdajì ìgò rẹ̀ ló sì bá kọ̀ǹpútà lọ.

Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀rọ náà wà nínú yàrá kan nílé ẹbí wa. Bọ̀ọ̀dá ló mú kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí mo ní kí n kó wọn lọ sí Bọ́lọ́rundúró, ó mí kanlẹ̀, ó ní òjò ti wọ yàrá náà, omi ti bà wọ́n jẹ́, òun sì ti kó wọn fún àwọn tó ń ra irin. Ojú gbogbo ẹbí ló ti sọ ọ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún létí sàréè lọ, Bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló sì ń fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, tó ń ní kí n máa pẹ̀lẹ́.

Ká ní ẹnì kan ti sọ fún mi kí fóònù mi tó kú ni, ǹ bá ti wọ mọ́tò ní ìdájí Sátidé. Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò jìn. Ǹ bá ti wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́.

Mo pè é.

"Àbídèmí ọmọ mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó. "O ò wá bá wa ṣe."

"Ẹ ò pè mí, sà."

"Ṣé wọ́n máa ń pe ọmọ wá sílé ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, kọ̀ǹpútà ìyá mi nìyẹn."

Mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń to àwo jọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ìyá rẹ ti di irin. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ṣe ìkòkò ọbẹ̀ báyìí. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló jọra."

"Kútẹ́ẹ̀sì màmá wà lára wọn."

"Kútẹ́ẹ̀sì." Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ojú tó là sílẹ̀ kedere lo fi ń lá àlá. Ìrẹsì ṣì kù o. Bí o bá ráyè, wá jẹ tìẹ."

Ó pa fóònù. N kò mọ ìdí tí ìrẹsì yẹn fi dùn mí ju irọ́ lọ, àmọ́ òun ló dùn mí jù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì pinnu pé Bọ̀ọ̀dá Kọ́láwọlé yóò jìyà, ọwọ́ mi ni yóò sì ti wá.

Ìsọ̀ Alájà Kàdíjátù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alájà. Kọ̀ǹpútà àlòkù láti òkè òkun ló ń tà, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Àwọn ẹ̀rọ náà máa ń dé pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì lára: nọ́ńbà ibi iṣẹ́, orúkọ ilé ìwé kan ní ìlú tí n kò mọ̀. Iṣẹ́ mi ni láti bó wọn kúrò kí gọ́ọ̀mù má sì ṣẹ́ kù, torí oníbàárà tí ìka rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ibòmíì ló ń lọ. Ìbínú ni Alájà fi kọ́ mi. Rẹ́sà kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ òun. Tinà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kò gbọdọ̀ wọ ìsọ̀ òun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dábàá bẹntiróòlù, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé o fẹ́ gùn ún lọ sí Èkó ni?"

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń nu gọ́ọ̀mù, mo máa ń ro ẹni tó lẹ lébẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ọn. Mo máa ń rí obìnrin kan tó wọ kóòtù nípọn, tí yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú yẹn, Bọ̀ọ̀dá nìkan ni mò ń rí. Mo rí i níbi tó dúró níwájú ìjọ tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tí ọ̀rọ̀ kò jáde. Mo rí i tó kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi, tó ń bẹ̀ mí, tí mo sì ń sọ fún un pé rárá, lẹ́yìn náà mo tún mú un padà kí ó lè tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ọ̀sẹ̀ kejì kò tíì parí tí bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wa fi dúró síwájú ìsọ̀. Reuben ló bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìjọsìn ní Oǹdó, tó tún ń wa bọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó rí mi, ó ya ẹnu.

"Àbídèmí Tíṣà Bísọ́lá. Ibí lo wà? Bọ̀ọ̀dá rẹ ò sọ fún mi."

"Bọ̀ọ̀dá ò mọ ìsọ̀ tí mo wà."

"Ó dáa, ìṣòro wọn ni mo kó wá." Ó yíjú sí Alájà. "Alájà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ oògùn kọ̀ǹpútà. Tiwa ń kú. Ẹ bá tàn án, kí ẹ ní ká gbàdúrà, kí ẹ tó ṣe àmín, ó ti kú."

"Bóyá àdúrà yín ló gùn."

"Ó gùn o. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí kò lè fara da àdúrà, kí la fẹ́ fi ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ó gbé àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín Bọ̀ọ̀dá kọjú sí mi láti ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ooru sì ti mú kí gọ́ọ̀mù yọ́ gba etí fìlà rẹ̀ ṣàn wálẹ̀ bí ikun. Alájà fi èékánná tẹ síítíkà náà, ó wọnú níbi púpọ̀.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Àwọn tó ń lẹ síítíkà ọjọ́ ìbí ni. Ibẹ̀ ló tẹ́jú jù."

"Ihò ló wà lábẹ́ ibi tó tẹ́jú yẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mí. Ẹ fi ojú Bàbá dí i nímú."

Reuben bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Ojú Bàbá ló tóbi, Alájà. A ò rí ibòmíì tó lè gbà á."

Ẹ̀rín pa Alájà. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá ń ṣe ọjọ́ ìbí ńlá, kò sí ohun tí yóò pín tí wọn kò ní lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́: abọ́, ọṣẹ, agboòrùn, ike omi. Ọwọ́ àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ ti mọ́ ọn lára. Wọn kì í wo ohun tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́. Ibi tó bá tẹ́jú ni wọ́n ń wá.

Reuben fa ìdì kan yọ lábẹ́ ìjókòó. Síítíkà tuntun ni, wọ́n ń dán. "Bàbá ní kí ẹ bó ti àtijọ́, kí ẹ nu gbogbo gọ́ọ̀mù, kí ẹ wá lẹ èyí sí abẹ́ ojú ẹ̀rọ gan-an. Àlùfáà àgbà ń bọ̀ wá yà wọ́n sí mímọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n á fi Bàbá jẹ Bàbá Ìjọ. Kò gbọdọ̀ sí àlébù."

"Kò ní sí," ni Alájà wí. "Àbídèmí, tìẹ nìyí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Alájà jáde lọ kí ìrun Àílà. Mo lọ sí ìsọ̀ obìnrin onírun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo yá omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Alájà ti fi omi yẹn hàn mí rí lára kíbọ́ọ̀dù kan tó ti bàjẹ́, kí n lè mọ ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Ó máa ń mú kí ike rọ̀, kí ó hó, kí ó wá funfun bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ bó, kò sì ní dán mọ́ láé. Mo fẹ́ fi pa gbogbo iwájú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ tú èyí tó bá kù sínú ihò wọn. Kí àlùfáà àgbà dé, kí wọ́n ṣí aṣọ, kí wọ́n rí ẹ̀rọ méje tó dàbí ẹni tí àrùn jẹ lójú, kí ìkankan wọn má tàn, kí àwòrán Bọ̀ọ̀dá sì máa rẹ́rìn-ín lára wọn. Ó ní wọ́n ti di irin. Ó dáa. Kí wọ́n di irin.

Mo ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Mo rẹ òwú sínú omi náà, mo sì gbé e lé síítíkà kékeré tó wà níwájú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, lókè bọ́tìnnì. Fìlà ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín yẹn fẹ̀ sí i, ó wọ́, eyín dà pọ̀ mọ́ àgbọ̀n. N kò lè parọ́, inú mi dùn. Mo tún rẹ òwú, mo tẹ̀ ẹ́ le. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, sà," ni mo wí sókè.

Omi náà ṣàn. Mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ ọwọ́ mi, ó kan bọ́tìnnì, okùn pupa tín-ín-rín kan sì tẹ̀lé e lọ sílẹ̀. Mo fi ìka dí i. Ìka mi pọ́n. Mo fi òwú gbígbẹ nù ún kíá, òwú náà pọ́n, nígbà tí mo fi máa gbé ọwọ́ kúrò, kò sí àmì kankan lórí bọ́tìnnì yẹn mọ́.

Òórùn omi yẹn kún yàrá. Òórùn alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni fún mi. Ìyá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa nu ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kúrò kí ó tó kun òmíràn, kí ó lè wọ kíláàsì lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ọwọ́ tó mọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo di òwú náà mú.

Ibẹ̀ ni Alájà bá mi.

"Kí ni mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ yìí?" Ó rí ìgò, ó rí iwájú ẹ̀rọ náà tó ti funfun lápá kan. Ó gbé ìgò náà, ó dé e pinpin. "Ṣé orí rẹ pé? Ẹrù oníbàárà."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti kútẹ́ẹ̀sì, ti òjò tí kò rọ̀, ti ìrẹsì. Alájà jókòó sórí àpótí kan, ó gbọ́ ọ tán.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà tí Reuben wà níbí?"

"Mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ jìyà."

"Ta ni? Ẹni tó wà ní Oǹdó tó ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ? Kò mọ̀ pé o bínú rárá. Ìyá rẹ lo ń nù kúrò yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

"Mo fẹ́ kó wọn lọ sí Bọ́lọ́rundúró," ni mo wí níkẹyìn. "Ibẹ̀ ni ìyá mi ní òun ń kó wọn lọ."

Alájà tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Gbọ́ mi. Èmi ni ọkùnrin yẹn kó ẹrù fún, kì í ṣe ìwọ. N kò ní ẹbí kankan ní Àkúrẹ́ yìí. Orúkọ mi ni mo fi ń jẹun ní ọjà yìí. Bí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì bá wọ ìsọ̀ mi tí kò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní Alájà ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé e. Ṣé o gbọ́ bí ó ṣe ń dún?"

"Mo gbọ́, mà."

"Nítorí náà, bí o bá kó wọn, o ò lè padà síbí. Bí o bá sì ti kúrò, màá pe Reuben, màá ní ìwọ lo kó wọn, màá sọ ibi tí o kó wọn lọ. N kò ní parọ́ nítorí rẹ. N kò sì ní dí ọ lọ́nà, torí mo gba ohun tí o sọ gbọ́. Tàbí kí o fi wọ́n sílẹ̀, kí o lẹ síítíkà Bàbá sí i, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ níbí. Àgbà kan ò ní bá ọ wí. Rò ó." Ó dìde. "Ṣùgbọ́n nù wọ́n dáadáa ná. Ibi yòówù kí wọ́n máa lọ, wọn ò ní jáde nínú ìsọ̀ mi pẹ̀lú ìdọ̀tí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nù wọ́n. Mo yọ wáyà wọn kúrò lára iná, mo sì gbé wọn nàró kí ihò má kọjú sókè, kí ohun tó bá ṣàn má bàa wọnú. Mo yá díráyà onírun, mo gbé e jìnnà díẹ̀, mo ń fẹ́ ooru sí Bọ̀ọ̀dá lójú títí gọ́ọ̀mù rẹ̀ fi rọ̀. Káàdì báǹkì tó ti kú ni mo fi ń ti etí síítíkà náà sókè díẹ̀díẹ̀. Mo lè fà á ya, àmọ́ bí a bá fà á ya, ìdajì á kù sílẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ohunkóhun rẹ̀ kù. Mo fi òwú tó mu òróró ẹ̀pà bo gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù, mo fi í sílẹ̀ kí ó mu ún, lẹ́yìn náà mo fi àtàǹpàkò rà á yíká títí ó fi ká jọ bí èérí ara. Èyí tó wọnú ihò, igi ìtayín ni mo fi ń yọ ọ́, ihò kan tẹ̀lé òmíràn, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sì ń gbá ìyókù. Níkẹyìn ni mo wá fi aṣọ tí mo ta sípíríìtì díẹ̀ sí nu òróró kúrò. Abẹ́ àpótí ni mo ti kọ́kọ́ dán an wò. Lẹ́bàá bọ́tìnnì, òróró nìkan ni mo lò, mo sì ń fi ìka kejì bo àmì pupa náà bí ẹni bo ojú ọmọ kúrò nínú oòrùn.

Mo bó ojú ọkùnrin yẹn lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀ náà. Lóòótọ́, inú mi kò rọ̀ sí i rárá. Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń mọ́ ni ìbínú mi ń mọ́, tí ó ń le, títí n kò fi nílò láti máa rò ó mọ́. Mo fẹ́ràn ìsọ̀ yẹn. Mo fẹ́ràn ariwo Ọjà Ọba láàárọ̀, mo fẹ́ràn Alájà tó ń bú mi tó tún ń fi ẹran tó tóbi sínú abọ́ mi. Mo mọ̀ pé n kò tíì rí ibòmíì tí màá lọ. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì Bọ̀ọ̀dá, ìrẹsì náà ló wúwo jù.

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, Kìtán, awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù ọjà, bá mi kó wọn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Alájà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò gbá mi mọ́ra. "Ọ̀sán ni màá pe Reuben," ni ó wí. "Yára, kí o lè dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá rẹ ṣáájú ìpè mi."

Ọ̀nà Bọ́lọ́rundúró gbọ̀n wá dáadáa, mo gbé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà lé itan, mo dì í mú títí a fi dé. Ọ̀gá ilé ìwé jẹ́ obìnrin tó ti bá ìyá mi kọ́ni rí. Ó rí ohun tó wà nínú ọkọ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. A gbé wọn kalẹ̀, a tan ẹnjìnnì tó ń múná wá, a tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tàn, wọn kò kú.

"Orúkọ ta ni ká kọ sí wọn lára?" ni ó bi mí. "Àwọn alábòójútó á fẹ́ mọ̀."

"Ẹ sọ fún wọn pé Tíṣà Bísọ́lá ló kó wọn jọ. Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ohunkóhun."

Láti ibẹ̀, Kìtán gbé mi dé Oǹdó, ó sì já mi sílẹ̀ níwájú ilé Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá wà ní pálọ̀, ó ń wọ aṣọ tuntun tí yóò fi jẹ oyè wò níwájú dígí. Reuben jókòó sórí àga, ó ń jẹ ẹ̀bà.

"Àbídèmí," ni Bọ̀ọ̀dá wí sínú dígí. "Reuben ti sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ẹrù mi wà. Ayé kéré. Ṣé wọ́n ti mọ́?"

"Wọ́n ti mọ́, sà."

"Ibo lo lẹ síítíkà náà sí?"

"N kò lẹ̀ ẹ́."

Ó yíjú padà. Reuben dá òkèlè dúró ní agbede méjì abọ́ àti ẹnu.

"Reuben, lọ wo bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, Bàbá, mo ń wò ó láti ibí."

"Lọ wò ó sún mọ́ ọn."

Reuben gbé abọ́ rẹ̀ dání, ó jáde. Bọ̀ọ̀dá jókòó, aṣọ náà kún àga yíká rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Bọ́lọ́rundúró."

"Olè lo fẹ́ jà? Màá pe ọlọ́pàá."

"Ẹ pè wọ́n, sà. Wọ́n á bi yín níbi tí ẹ ti rà wọ́n. Wọ́n á bi ẹbí bóyá òjò rọ̀."

Ó fọwọ́ nu ojú. Mo dúró. Mo ti rò pé ara rẹ̀ yóò gbọ̀n, pé yóò kúnlẹ̀ bí mo ṣe máa ń rí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn dàgbà lójú mi lójijì ni, bàbá kan tó wọ aṣọ tó tóbi jù ú lọ.

"Wọ́n wà nílẹ̀ lásán," ni ó wí. "Iṣẹ́ Ọlọ́run ni mo fi wọ́n ṣe. Ìyá rẹ ti kú, Dèmí. Kí ló tún fẹ́ fi orúkọ ṣe?"

"Kí ni ẹ̀yin fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àlùfáà àgbà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kó wọn padà," ni ó wí, ó rọra sọ ọ́. "Kó wọn padà, màá ní kí wọ́n tẹ síítíkà míì. Orúkọ ìyá rẹ á wà lórí rẹ̀. Á wà lábẹ́ tèmi. Gbogbo ìjọ á rí i. Kì í ṣe ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ohun tí mo fẹ́ ni lọ́jọ́ Àìkú tí fọ́tò dé. Ká ní ó sọ ọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ti mọ gbogbo ìlà rẹ̀ báyìí, mo ti fi àtàǹpàkò rà wọ́n.

"Rárá, Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí. "Mo ti kó kọ̀ǹpútà ìyá mi lọ síbi tó fẹ́ kí wọ́n wà, n kò sì ní kó wọn padà. Mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún ìjọ pé wọn kì í ṣe tiyín. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, màá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni n ó sọ ọ́. Bí ẹ bá sì sọ ọ́, n kò ní dárí jì yín náà."